Alásè Kì í Lọ Sọ́jà

Inú mi máa ń tètè bí, ẹ jẹ́ kí n ti jẹ́wọ́ ìyẹn ná. Nígbà tí ọ̀gá mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé irinṣẹ́ tí mo kọ́ tún ti dákú lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni, mà." Ẹnu mi yìí! Obìnrin náà ní, "Orí láptọ́ọ̀pù tìẹ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa títí di Jímọ̀, mi ò ní lè gbà ẹ́ síṣẹ́ mọ́ o."

Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò máa parí ní Jímọ̀ ọ̀hún. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Ìgbògbò torí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti fi ẹlòmíì sí kíláàsì mi. Kò síbi tí mo fẹ́ padà sí.

Irinṣẹ́ náà ò ṣòroó ṣàlàyé. Tí àwa tá à ń ṣe áàpù bá ti kọ kóòdù wa tán, òun ló máa kó o jọ, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá dì í di áàpù téèyàn lè fi sórí fóònù. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í nínú yàrá mi ní àdúgbò Agric látàárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́dọ̀ mi, kò sóhun tó ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá láptọ́ọ̀pù náà létí.

Ní Ọjọ́rú, màámi pè mí láti Ẹ̀pẹ́ pé kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. Alásè ni wọ́n, wọ́n fẹ́ sè fún fìdáù bàbá kan tó kú ládùúgbò. Mo gbé láptọ́ọ̀pù dání, mi ò sì sọ nǹkan kan fún wọn.

Ata ti ń hó lórí iná ká tó rí i pé òróró ò ní í tó. Mo fò dìde. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbà á lọ́dọ̀ ìyá olóròóró yín."

Wọ́n na ọmọrogùn sí mi. "Jókòó síbẹ̀! Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Alásè kì í lọ sọ́jà. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sínú lísìtì, ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi ló máa gbé e wá bá mi. Ìyá olóròóró, oníbàárà mi, nìkan lo mọ̀. Tí wọ́n bá pè mí sí Ṣàgámù lọ́la ńkọ́, ibo lo fẹ́ sáré lọ?"

Àwọn obìnrin tó ń gé àlùbọ́sà bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo fajú ro, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi kí n má bàa wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ náà ni dáwódù olóògbé, ẹni tó gbéṣẹ́ fún màámi, gbé kéègì òróró wọlé.

Kóòdù tó wà lójú rẹ̀ ni ti ẹ̀yà tó ń dì í di áàpù. Mo kà á, mo tún un kà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó lọ mú fáìlì ètò iṣẹ́ rẹ̀ nínú fóódà kan lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo wo àwọn méjì tó kù, bákan náà ni. Fóódà yẹn ò sì sí ní ọ́fíìsì! Gbogbo wọn ń sáré lọ síbì kan ṣoṣo tí mo mọ̀, bí mo ṣe fẹ́ sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá olóròóró. Òmùgọ̀ ni ìwọ obìnrin yìí, mo sọ fún ara mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tó gbọ́dọ̀ wá nǹkan kiri mọ́. Kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá a níbi tó bá wà, kó gbé e lé e lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dependency injection ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́ wa. Mo ti kà nípa rẹ̀ tipẹ́, mo ní àṣejù ni.

Nígbà tí mo padà délé ní Ọjọ́bọ̀, mo yá láptọ́ọ̀pù aládùúgbò mi fi dán an wò. Ó kọ̀! Ìlà kan ṣì ń yọ́ lọ sínú fóódà mi. Mo pa á rẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Jímọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá mi tó pè. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Wá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé." Mo mí kanlẹ̀. Ara tù mí débi pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mo pe màámi, mo sì ro gbogbo ohun tí mo fi pa mọ́ fún wọn.

"Alhamdulillah," ni wọ́n wí. "Mo rí i lójú ẹ nígbà tó o wá. Mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ látàná."

"Màámi, ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Ṣé dandan ni kí n mọ̀ ọ́n? Ó yá, wọ́n ti pèrun. Jẹ́ kí n ṣínu."

Wọn ò pa fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mu omi, ni mo bá bú sẹ́kún.