Yàrá Òkè Ni Wọ́n Fún Wọn

Ẹ-má-gbé-mi ni wọ́n ń pe obìnrin aránṣọ kan ládùúgbò, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ ọ̀hún. Látìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó sì ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, kò sí ẹnu ọ̀nà tó dé tí géńdé kan ò ní sáré wá kì í mọ́lẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. "Ẹ má gbé mi!" lòun náà á fi lọgun.

Kí jàǹbá yẹn tó ṣẹlẹ̀, eléré bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni, èyí tí wọ́n máa ń gbá kọjá lórí àwọ̀n. Ìgbà tó wá gbọ́ pé àwọn kan ń jókòó sílẹ̀ gbá a, tí wọ́n á so àwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó wá ẹni bíi tirẹ̀ káàkiri: aránbàtà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú láti kékeré, tíṣà ìṣirò tó ń fi ọ̀pá rìn, àtàwọn mélòó kan tí wọ́n jọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ dá a lágara. "Àbúrò mi, kí ló dé tó ò lè jókòó jẹ́ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìjókòó náà la fẹ́ jókòó o. Ìjókòó la fi ń gbá a."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé tó ń mójú tó gbọ̀ngàn àdúgbò ló wá burú jù. Wọ́n lọ tọrọ ibi tí wọ́n á ti máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbàdúrà fún wọn, ó bá wọn ya fọ́tò, ó sì fún wọn ní yàrá. Òkè pátápátá, àjà kẹta!

"Ọ̀gá, ta ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn yẹn?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. A máa wá àwọn ọmọkùnrin tó lágbára tí wọ́n á máa gbé yín."

Aránṣọ náà ní yàrá kan ṣáà ń bẹ nísàlẹ̀. Akọ̀wé ní àga tó ti ṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Aránṣọ ní kí wọ́n gbé àga lọ sókè, àga ò ní bínú. Akọ̀wé ní ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣèpàdé lé e lórí, kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà lọ, wọ́n tún padà lọ, "ẹ padà wá" náà ni.

Nígbà tó sú aránṣọ, ó kó ikọ̀ rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ìdí àtẹ̀gùn, wọ́n so àwọ̀n mọ́ irin àtẹ̀gùn lápá kan, wọ́n so ó mọ́ fèrèsé lápá kejì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò rọ́nà gòkè, ẹni tó wà lókè ò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Akọ̀wé dé tòun ti báàgì lábíyá.

"Màmá, kí lèyí? Ọ́fíìsì mi wà lókè!"

"Yàrá tiwa náà wà lókè, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká jọ wà nísàlẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá."

"Tá a bá parí ayò yìí."

Ó dúró. Bọ́ọ̀lù bà á láyà, tíṣà tọrọ àforíjì, wọ́n ń bá ayò wọn lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀ ti wà lọ́wọ́ aránṣọ.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ló bá wọn kó àga àfọ́ jáde. Nígbà tí ikọ̀ kan wá láti ìlú kejì láti bá wọn figagbága, èrò kún fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí gbogbo bọ́ọ̀lù, títí kan tàwọn àlejò, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò sin òkú o! Tiwa ni kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí!"

Ayò dọ́gba títí, àfi ìgbà tí aránbàtà gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn sínú àwọ̀n dípò kó gbá a kọjá. Àwọn àlejò hó yèè. Èrò ń kí wọn pé wọ́n gbìyànjú, pé Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Ìgbìyànjú kẹ̀!" Inú ń bí aránṣọ gidi. Ó padà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó yí i lọ bá aránbàtà. "Ta ló ní kó o fi gbogbo agbára gbá a? Lọ́la, kó o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ibí ni ká ti pàdé. Wàá gbá bọ́ọ̀lù yẹn títí apá á fi ro ẹ́."