Sìmẹ́ǹtì Lára Ògiri Amọ̀

Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn àtijọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa l'Ọ́wọ̀, amọ̀ tí àwọn ará Ìyéré fẹsẹ̀ pò fún àwọn àlùfáà òyìnbó. Ògiri náà nípọn débi pé nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí kàwé, tí màá ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè. Ìgbà tí mo padà wá ṣe tíṣà, inú rẹ̀ ni wọ́n fún mi ní kíláàsì; ara rẹ̀ ti ń ṣí, ojú sì ń tì mí. Mo kọ̀wé sáwọn tá a jọ jáde, wọ́n sì kó sìmẹ́ǹtì wá.

Bíríkìlà ni bàbá mi láàárín ìgboro. Wọ́n wá wò ó, wọ́n mi orí.

"Ìwọ ọmọ yìí, amọ̀ máa ń mí. Omi tó bá gba ìsàlẹ̀ wọ ibẹ̀ ò ní rọ́nà jáde mọ́. Inú ni yóò ti máa jẹrà."

Iwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ti sọ ọ́, inú sì bí mi. Mo ní ayé ti kọjá ibẹ̀. Wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn tí wọ́n fi lọ.

Ìgbà òjò ọdún kejì ni mo fìka kan ògiri náà, ó dún bí agbè òfìfo. Mo sáré pe bàbá mi. Wọ́n fi etí lé e, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Kó àwọn ọmọ yẹn kúrò níbí."

Mo lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo ní ká rẹ́ ẹ. Mo bá ti bẹ́ǹṣì gbogbo sí òdìkejì, mo gbé tábìlì tèmi sídìí ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́.

Lánàá, òjò ṣú láti ọ̀nà Ìyéré. Bí mo ṣe ń pe orúkọ, iyẹ̀pẹ̀ já sórí ìwé mi. Mo ní kí gbogbo wọn jáde sínú òjò. A dúró títí òjò fi dá. Ògiri ò wó.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá wa fún mi ní lẹ́tà pé kí n máa lọ sílé ná, torí pé mo kó ọmọ sínú òjò. Mo gba iwájú gbọ̀ngàn náà kọjá. Ó funfun, ó rẹwà. Tíṣà mìíràn ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, wọ́n sì ti to bẹ́ǹṣì padà sídìí ògiri.