Bọ́ọ̀bù tí a gé fún ìyàwó Ẹ̀fọ̀n

Òórùn irun tó ń pàdé irin gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìjerò létí mi. Àwọn ẹlòmíì á ní òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn ń rántí, ó dára fún wọn. Tèmi ni irun, pẹ̀lú pomáàdì tó ń yọ́ àti kẹrosíìnì inú sítóòfù tí a fi ń mú òòyà onírin gbóná, gbogbo rẹ̀ para pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí oníbàárà mẹ́ta bá ti jókòó sí, ó ti kún. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni gbogbo wa ṣì ń jẹ́ nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun gbòòrò, ojú Àkúrẹ́ ló ń wò, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń múra àtilọ lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò fi ti Ìjerò lé lọ́wọ́.

Èmi ni mo rò pé yóò fi lé lọ́wọ́. Kí ló dé tí n kò ní í rò bẹ́ẹ̀? Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí, orí òkè ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá mi, yàrá ẹ̀yìn ilé ọ̀gá ni mo sì ń sùn. Ọdún kẹta mi nìyẹn. Mo mọ irun dídì, mo mọ irun kíkó, mo lè fi òòyà gbígbóná na irun tó le koko títí yóò fi máa dán, láìjó etí oníbàárà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, èmi ni mò ń ṣe orí ọ̀gá. Ìwọ tó o kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀gá kì í gbé orí ara rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá ń bá a ṣe irun rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé òun ni igbákejì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é.

Ọmọ iṣẹ́ kejì wá dé. Ọmọbìnrin ni, bàbá rẹ̀ ló ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ará Ìkìrun, mùsùlùmí pọ́ńbélé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé Ìjerò. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, “Àǹtí” ló ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni mo fi ọdún kan jù ú lọ. N kò rí ibi tí mo ti lè bá a jà. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń bí mi nínú. Oṣù mẹ́fà péré, ó ti mọ ohun tó gbà mí lọ́dún kan. Mo jowú rẹ̀. Jẹ́ kí n pè é bó ṣe ń jẹ́, mi ò ní í bò ó. Bí oníbàárà bá wọlé tó béèrè pé “Ọmọ ọlọ́wọ́ tútù dà?”, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn kì í dùn lẹ́nu mi mọ́.

Síṣọ́ọ̀sì ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Pósítà tuntun kan dé láti Èkó, bọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀, irun tí wọ́n gé gbọnrangandan yí ká orí, tí etí rẹ̀ tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ní tiwa, obìnrin kì í déédéé gé irun. Ọmọ ilé ìwé ló ń gé irun, àti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Bí mo bá mú síṣọ́ọ̀sì, ìlà tí mo bá gé a máa wọ́ bí ọ̀nà oko. Ọmọ yìí kàn ya irun sọ́nà mẹ́rin, ó mú un mọ́lẹ̀ láàárín ìka méjì, ó sì gé e. Ó tọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti to òòyà àti pomáàdì sílẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, ọ̀gá jókòó, ó wo inú dígí, ó ní kí n bá òun pe ọmọ kejì wá, bọ́ọ̀bù ni òun fẹ́. Mo lọ pè é. Mo tún di aṣọ mọ́ ọ̀gá lọ́rùn fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni tíṣà kan wá bá wa nítorí irun ìgbéyàwó rẹ̀. Ọmọ Ìjerò ni, àmọ́ Ẹ̀fọ̀n ni ọkọ rẹ̀ ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì bàbá ọkọ ní Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sì ti fẹ́ so wọ́n pọ̀. Bọ́ọ̀bù ló fẹ́. Irun rẹ̀ kan èjìká, ó pọ̀, kò sì gbà kí a fi kẹ́míkà kàn án, nítorí wọ́n ti fi jó o lórí rí ní Adó. Òòyà gbígbóná nìkan ló gbà. Ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá fárígá. Ó bi wá pé ta ló kú tí òun yóò fi gé irun ọmọ òun lọ fẹ́ ọkọ. Ọmọ iṣẹ́ kejì kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, ó ń rọra ṣàlàyé pé a kò ní í gé e bí ti opó, etí rẹ̀ la máa mú dọ́gba, yóò dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì jẹ́ kí ọrùn ìyàwó hàn kí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ lè yọ. Ó fi ìka fa ìlà náà lójú ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ etí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni ọ̀gá ṣe yí sí wa, tó ní gbogbo tíṣà agbègbè yìí ni yóò wà níbi ìgbéyàwó náà, ọmọ kejì ni yóò gé irun yẹn, bó bá sì dára, ìgbà tí òun bá dé láti Ẹ̀fọ̀n ni òun yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

N kò sunkún. Mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí kò dọ̀tí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí a máa ṣe irun náà, kí ìyàwó tó dé, ọmọ yìí wá bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń fọ táwẹ́ẹ̀lì. O ní láti mọ ohun tó fà á tó fi wá. Irun tí a fi òòyà gbígbóná nà, ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Bí ooru omi tàbí ìrì bá kàn án, yóò sún kì padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Nítorí náà, ẹni tó bá gé e ní láti fi díẹ̀ sílẹ̀ gùn ju ibi tó fẹ́ kó dúró sí. Ní Ìjerò, ìbú ìka kan la máa ń fi sílẹ̀. Ọmọ náà kò dé Ẹ̀fọ̀n rí. Ó bi mí pé, “Àǹtí, báwo ni àárọ̀ ṣe ń rí lọ́dọ̀ yín lásìkò yìí? Ṣé mo lè gé e bí a ṣe ń gé ti ibí?”

Oṣù Ògún la wà. Ìwọ náà ti dé Ẹ̀fọ̀n nínú oṣù Ògún. O mọ kùrukùru tó máa ń bo òkè yẹn láàárọ̀, tí èèyàn ò ní í rí ilé tó wà níwájú rẹ̀, tí aṣọ tí a sá kì í gbẹ títí oòrùn ọ̀sán fi ń yọ. Lọ́dọ̀ wa, ìka mẹ́ta ni à ń fi sílẹ̀, a ó sì fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé orí títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọwọ́ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ ọ́n. Mo fún táwẹ́ẹ̀lì mi, n kò wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Bákan náà ni. Gé e bó o ṣe ń gé e.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo dúró tì í lọ́sàn-án yẹn, èmi ni mò ń bá a mú òòyà gbóná. Ó na irun yẹn títí ó fi ń dán bí aṣọ àrán, ó sì gé e. Lẹ́yìn náà ó fi irin yí etí irun sínú díẹ̀, ó sì mú dígí kékeré wá kí ìyàwó lè rí ẹ̀yìn orí ara rẹ̀. Kí n má purọ́, n kò tíì rí irun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ọ̀gá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àléébù. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Àyè ṣì wà, kódà bó jẹ́ ọ̀rá lásán ni mo ní kí wọ́n mú dání. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo ìlà tó tọ́ yẹn ni inú mi túbọ̀ ń le.

Ìyàwó àtàwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sùn sí Ẹ̀fọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa mẹ́ta wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gba Àrámọkọ. Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí kùrukùru sì bo gbogbo ojú gíláàsì, mo rí i tí ọmọ náà fi ọwọ́ kan gíláàsì yẹn, tó wo omi tó wà ní ìka rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ilé tí ìyàwó sùn sí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, pẹ̀lú orin. Ìgbà tí a fi bá wọn nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan ti bàjẹ́. Irun tó dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lánàá ti sún dé òkè etí. Apá ọ̀tún ga ju tòsì lọ, gbogbo rẹ̀ sì wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ìyàwó ń sunkún, àtíkè ojú rẹ̀ ti ń ṣàn. Ìyá rẹ̀ kàn ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé òun sọ ọ́, òun sọ ọ́. Ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé.

Ọmọ mùsùlùmí tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ló kúnlẹ̀ sórí síméńtì yẹn. Ó tú gbogbo pín-ìn-nì tó wà lórí ara rẹ̀, ó fi omi díẹ̀ pa irun ìyàwó mọ́lẹ̀, ó kó o sẹ́yìn, ó fi pín-ìn-nì há a lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ìbòrí bo ibi tí kò dára. Ó ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń ṣe é. Ìyàwó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Kò sí bọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò dójú tì í. Èmi ni mo di pọ́ọ̀sì ìyá ìyàwó mú.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá pe àwa méjèèjì síwájú. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó bani lẹ́rù. Ó ní kí ọmọ náà dá òun lóhùn: ọmọ Ẹ̀fọ̀n wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n jọ ń jẹun, kí ló dé tí kò bi í léèrè bí òkè wọn ṣe rí kó tó ki síṣọ́ọ̀sì bọ irun ìyàwó? Mo ti to irọ́ mi sílẹ̀, mo ti mọ ohun tí n ó sọ bó bá dárúkọ mi.

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, “N kò bi wọ́n, Mà. N kò ronú kàn án.”

Mo ní ẹnu, n kò là á. Ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Bàbá rẹ̀ gbà pé kó padà sí Ìkìrun lọ parí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun kan. Lọ́jọ́ tí yóò lọ, ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo ní kó dìde. Kò dìde. Ó ní, “Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ, ọ̀gá máa lé yín. Èmi ní ilé tí mo lè padà sí.” Ló bá gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ sí gáréèjì.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ó sì ṣe mí lóore, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó lé lógún. Mo mọ bọ́ọ̀bù gé nísinsìnyí, ìlà mi ń tọ́. Ìwọ lò ń bi mí lójọ́sí pé ṣé n kò jowú ẹnikẹ́ni mọ́ ní ọjọ́ orí tí mo dé yìí. Mo rẹ́rìn-ín fún ọ, mo yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ọwọ́ ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ ń jowú, mo sì rò pé bó bá ti lọ, ó parí. Àmọ́ ọmọ yẹn wò mí, ó rí ohun tí mo ṣe, ó sì ro ibi tí n ó sùn sí. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní í rò ó fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dòní. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.