Kẹ̀kẹ́ tí Mátíù Kọ́kọ́ Rà

Títí di òní, bí Mátíù afíngbá bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lójú títì, ẹ̀rín ló máa ń rín sínú. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò tí ì gbọ́n ní 1956 kò lè mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ nígbà náà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gun kẹ̀kẹ́ tuntun kọjá ní Akẹ̀sán, ọjà á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Ayé ọ̀hún dùn, àárò rẹ̀ sì ń sọ Mátíù gan-an.

Ní Ọ̀yọ́ ló ti ń fín igbá, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà, lọ́dọ̀ Àkànkẹ́. Bàbá Àkànkẹ́, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnyẹmí, kò tí ì gbà pé kó fẹ́ ọmọ òun. Ó ní kí Mátíù kọ́kọ́ wá kí òun, kí òun mọ irú ọmọ tí í ṣe. Mátíù bá múra láti ra kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ méjì ni Mashood, tó ń tà wọ́n, gbé síta. Ọ̀kan ga, ó ní ọ̀pá láàárín. Èkejì kúrú, kò ní ọ̀pá. Mátíù alára kò sì ga, ká má purọ́.

"Eléyìí ló bá ẹ mu," ni Mashood wí, ó na ọwọ́ sí èyí tó kúrú. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ ni. Ẹsẹ̀ ẹ á kanlẹ̀, wàá sì lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ẹ́."

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Kẹ̀kẹ́ obìnrin kọ́ nìyẹn? Ṣé kí n gùn ún dé iwájú àna mi?"

"Ìwọ ni àna ẹ fẹ́ rí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

Mátíù kò gbọ́. Èyí tó ga ló rà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gùn ún, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Orí òkúta ló ti ń gorí ẹ̀, igi ló sì ń dì mú bó bá fẹ́ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó mọ ọ́n gùn dáadáa. Sísọ̀ kalẹ̀ nìkan ni kò mọ̀, ó sì ní ìyẹn á yé òun tó bá yá.

Ó kúrò ní Ọ̀yọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló bá rí bàbá kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tó ń ti oko bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti rí i rí, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀. Ògúnyẹmí ni! Ọmọlúàbí kì í kí àna láti òkè. Ilẹ̀ ló yẹ kó wà, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí igi kankan nítòsí.

"Ẹ kú oko o, Bàbá!" ló kígbe, ó sì kọjá lọ fìrì.

Ìgbà tó fi rí igi dì mú, tó sì ti kẹ̀kẹ́ dé ilé wọn, Bàbá ti wọlé. Àkànkẹ́ nìkan ló jáde, omi lójú.

"Bàbá ní kí ẹ máa lọ. Wọ́n ní ẹni tó jókòó sókè kí àwọn kò lè fẹ́ ọmọ àwọn."

Mátíù sunkún lójú ọ̀nà, kò sì tijú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í dáni ká má tún un gùn. Ó dá kẹ̀kẹ́ gíga padà fún Mashood, ó gba èyí tó kúrú. Fún oṣù kan gbáko, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń kọ́.

Nígbà tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn aráàdúgbò ń pariwo pé, "Ẹ wá wo ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́ obìnrin!" Bàbá jókòó níwájú ilé. Mátíù ti sọ̀ kalẹ̀ lókèèrè, ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú dàńṣíkí funfun rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Lọ́jọ́sí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Èyí tó ga jù mí lọ ni mo rà, kí n lè jọ ẹni ńlá lójú yín."

Bàbá na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́. "Gùn ún kí n rí i."

Mátíù gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Dàńṣíkí ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Bàbá wá dìde, ó rọra jókòó sórí kárià ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

"Gbé mi dé oko. Mi ò gun irú nǹkan yìí rí."

Wọ́n gbéra. Bí wọ́n ṣe kó sí kòtò àkọ́kọ́, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbá Mátíù níbàdí mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

"Rọra," ló wí. "Rọra, ọmọ mi."