Ọmọbìnrin tó ń wo ẹnu mi

Ọdún tí mo jáde yunifásítì ni mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ìtòkú. Ẹ̀rù máa ń bà mí ní gbogbo àárọ̀. Mo máa ń rò pé àwọn ọmọ náà ti rí i pé mi ò mọ nǹkan kan, àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí wọ́n ń pè ní olódo. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á dìde, á tẹrí ba, kò ní fọhùn. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kẹ̀yìn sí i, kò gbọ́ mọ́. Ojú ló fi ń gbọ́ràn! Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà sì ti kọ́ ọ pé ọmọ gidi kì í wo àgbà lójú. Inú mi dùn pé mo mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì tún bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Mo gbé e wá síwájú. Mo jókòó tì í, mo ní, "Máa wo ẹnu mi. Kì í ṣe àfojúdi." Mi ò kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá gbàgbé, àwọn ọmọ á pariwo pé, "Àǹtí, ẹ̀yìn yín ò lẹ́nu o!" Kí sáà tó parí, ó ti ń kàwé sókè.

Àfi bí ìyá àgbà ṣe dé lọ́jọ́ kan, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi máa ranjú mọ́ mi lójú àwọn oníbàárà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, etí rẹ̀ ni."

"Kí ló ṣe etí rẹ̀? Kò sí adití nílé wa!"

Wọ́n mú un lọ, kò sì padà wá.

Mo lọ bá wọn nídìí aró wọn n'Ìtòkú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó padà. Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò mọ̀? Bó bá tẹrí ba, wọ́n á ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó bá ń wo ẹnu kiri, gbogbo ọjà á mọ̀. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ mi. Aró kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Ìbẹ̀rù wọn jọ ìfẹ́ débi pé mi ò lè bínú.

Ọmọ náà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sá àdìrẹ sórí okùn, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo pè é. Kò dáhùn. Obìnrin kan tó ń ná aṣọ gbójú sókè, ó wo èmi, ó wo ọmọ náà.

Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

Mi ò pè é mọ́.