Ìjà Tí Wọ́n Ní Yóò Parí Ìjà

Àwọn ọmọkùnrin Ọ̀jọ́ àti ti Ìbà ti ń na ara wọn kí n tó gbọ́njú. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tó dá a sílẹ̀, ọ̀kan á ní ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni, òmíràn á ní ẹja tí wọ́n jí nínú ìgèrè ni. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni aṣáájú àwọn ti Ọ̀jọ́. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ti Ìbà pé kí wọ́n wá pàdé àwọn ní Òkókómaikò, tó jẹ́ kìkì oko àti igbó nígbà náà, kí wọ́n jà á ní àjàparí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ó tán," ló wí fún wa, bí ẹni tó fẹ́ lọ tún òrùlé ṣe.

Bẹ́ẹ̀, Ìbà ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà nílé ọkọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ ni, ìyá wa sì ti lọ síbẹ̀ láti máa wẹ ọmọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àtìgbà tí oyún ti yọ ló ti mú orúkọ kan pamọ́ dè é. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbàgbé ni? Kò gbàgbé. Ó rò pé kùmọ̀ ní ojú, pé yóò mọ ẹni tí yóò fò dá.

Àwọn tiwa borí. Wọ́n kọrin wọ̀lú, àwa ọmọbìnrin bu omi fún wọn, a bá wọn jó. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi dé láti Ìbà, òun nìkan, ẹrù rẹ̀ lórí. Àbúrò ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ́ lápá. Àwọn àna wa ní ọwọ́ tó wẹ ẹni tó ṣẹ́ ọmọ àwọn lápá kò ní wẹ ọmọ àwọn mọ́.

"Orí ìkúnlẹ̀ ni mo fi ẹ̀gbọ́n rẹ sí," ìyá mi wí fún mi. "Ó ń fi omi gbígbóná tẹ apá àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ òun, ó ń bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ò mọ̀ pé ọmọkùnrin náà yóò wà níbẹ̀. Bàbá mi wò ó. "O ránṣẹ́ sí Ìbà, o wá ń retí ará ibòmíràn?"

Lọ́jọ́ ìkómọ, bàbá mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání. Ìyá mi ò lè bá wa lọ. Ó tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń tún orúkọ náà sọ sí bàbá létí, àfi bí ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́. "Mo ti gbọ́, ìyá wọn," ni bàbá ń wí.

Bí a ṣe wọ agbo ilé àwọn àna wa ní Ìbà, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ìyàwó! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sáré dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró ṣánṣán lẹ́yìn wọn, àfìgbà tí mo fà á láṣọ kí òun náà tó wólẹ̀.

Olórí ẹbí wọn ní kí a dìde, kí a jókòó. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan ń gbé àwo omi yí agbo ká. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á dárúkọ. Bàbá mi ti na ọwọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ má bínú, àna wa," ni ìyá náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Orúkọ tí a ní tó ọmọ yìí."

Ó gbé àwo kọjá. Bàbá mi fi ọwọ́ tó nà nu ojú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ tẹrí ba, ọmọkùnrin tí wọ́n fi igi di apá rẹ̀ náà ń wolẹ̀. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọni. Tiwa gba orúkọ lọ́wọ́ wa ni.

Ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wá. "Ṣé wọ́n sọ ọ́?"

Bàbá mi, tó ń fi pàṣán kọ́ wa pé irọ́ ò dáa, ní, "Wọ́n sọ ọ́. Òun ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ dá." Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, àwọn alájàparí ti tún pàdé. Ìbà ló borí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn náà kọrin wọ̀lú.

Nígbà tí ọkàn àwọn àna wa rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọmọ náà wá kí wa. Ó ti ń sáré kiri. Ìyá mi la apá méjèèjì, ó fi orúkọ náà pè é. Ọmọ ò yíjú. Ó tún pè é, ó tún pè é, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá, bàbá wo ilẹ̀. Ìyá mi wá yíjú sí wa, ó ní kí a bá òun wo etí ọmọ yìí, ó jọ pé kì í gbọ́rọ̀ dáadáa.