Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí kámẹ́rà kan. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi ṣì máa ń wú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Nàìjíríà ni àwọn òbí mi ti wá, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Èmi nìkan ni mo yà sídìí kámẹ́rà. Èyí tí mò ń lò ti dàgbà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n bí inú ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ṣókùnkùn díẹ̀, àwòrán rẹ̀ á máa ṣe hóró-hóró bíi gàrí. Àwọn ìyàwó tí mò ń ya fótò ìgbéyàwó wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé n kò ní ti ìgbàlódé ni, èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Kí n rà? Kí n má rà? Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé kámẹ́rà kọ́ ló ń ya fótò, ojú ni. Mo ní òun kọ́ ni àwọn ìyàwó ń bi ní ìbéèrè!

Àfi bí ọkùnrin kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní Kọ́sì lorúkọ òun, òun gbọ́ pé mò ń wá kámẹ́rà. Ó tú aṣọ ìnura kan, ó gbé kámẹ́rà kan jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi! Mirrorless gan-an ni, èyí tí mo ti ń wò lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Iye tó pè é kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń tà á ní Lomé.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀?

Mo bi í pé ṣé òun ló ń lò ó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ ti pẹ́, iṣẹ́ fótò ló sú òun. Mo gbé e sójú, gbogbo nǹkan rí bàìbàì. Ó ní bí àwọn tuntun ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́! Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń fojú wò, tí èèyàn máa ń yí kó lè bá ojú rẹ̀ mu. Mo yí i díẹ̀, ó mọ́ kedere. Ẹni tó ti lò ó pẹ́ kò mọ ìyẹn? Mo tún ní kó yọ bátìrì rẹ̀ fún mi, ibi tí wọ́n ń ki káàdì sí ló lọ ń ṣí.

Mo bèèrè rísíìtì. Ó ní ó ti sọnù. Mo ní ká lọ sílé rẹ̀ kí n rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní rárá, ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé kò rójú. Ọkàn mi ní olè ni. Ṣùgbọ́n olè wo ló máa ní kí n gbé e lọ dán wò ná, kí n tó sanwó? Ohun tó sọ nìyẹn o! Ó ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù mi, níbo ni mo fẹ́ gbé e sá gbà?

Mo gbà á.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ ní Datcha, ìlú kan nítòsí wa, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń gba kòmúníọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Kámẹ́rà méjèèjì ni mo gbé kọ́rùn, torí mi ò fọkàn tán èyí tuntun. Kò tilẹ̀ dún bí mo bá tẹ̀ ẹ́! Bàbá àgbà kan dúró gbọnin, ó ń retí kó dún "kà", nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní ṣé mo ti yà á ni àbí mò ń tan òun. Mo fi hàn án. Gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ló yọ. Ó ní, "Háà, mo ti gbó tó báyìí?"

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ìdí kámẹ́rà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àfí ló yá yín ní kámẹ́rà rẹ̀ ni?"

Mo ní Àfí wo? Ó nàka sí kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tí wọ́n kán sídìí rẹ̀. Ó ní Àfí ló ya fótò ìgbéyàwó òun, Àfí fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kán an síbẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ fótò bíi tòun má baà ṣì í gbé. Ó ní Àfí wà ní Datcha níbí, nílé ìyá rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kọ́sì.

Ọkùnrin tó gbé e wá fún mi nìyẹn! Ìfura mi sì tún yíjú sí obìnrin yẹn fúnra rẹ̀. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Àbí wọ́n ti jọ gbìmọ̀ láti pariwo olè lé mi lórí lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì? Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n dákẹ́, kí n sanwó, kí n nu kútẹ́ẹ̀sì yẹn kúrò. Ta ló máa mọ̀?

Ṣùgbọ́n mo ní kí obìnrin náà júwe ilé ìyá Àfí fún mi, mo sì lọ. Mo fi kámẹ́rà náà sínú báàgì, mo sì fa síìpù rẹ̀ pa.

Mo bá Àfí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá rẹ̀ kí mi ní èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ lágbègbè yẹn. Èdè wọn yàtọ̀ sí Yorùbá tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa. Mo ní onífótò lèmi náà, mo sì bi Àfí pé irú kámẹ́rà wo ló ń lò. Ojú rẹ̀ tàn! Ó ní ó wà ní Lomé, ọkọ òun gbé e lọ kí wọ́n bá òun fọ eruku inú rẹ̀.

Mo ní bí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ kalẹ̀, báwo ló ṣe máa dá tirẹ̀ mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì pupa wà nídìí rẹ̀, àti pé ojú òun kò ríran dáadáa, òun sì ti yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ojú òun mu, ẹni tó bá gbé e sójú lẹ́yìn òun, bàìbàì ló máa rí.

Mo ṣí báàgì.

Àfí wò ó, ó rí kútẹ́ẹ̀sì pupa náà. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé itan, ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó bi í pé kámẹ́rà òun ńkọ́. Kọ́sì ní wọn ò tíì ṣe é tán ní Lomé, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ tán ni.

"Ó dáa," ni Àfí wí. "Sọ fún wọn kí wọ́n rọra o. Ohun tí mo fi ń jẹun ni."

Ó pa fóònù. Ìyá rẹ̀ ló bú sẹ́kún. Àfí ní látìgbà tí òun ti lóyún ni Kọ́sì ti ń sọ pé ìyá ọmọ kì í sáré láti òde dé òde. Òun rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé mo ti fi ya nǹkan. Mo fi hàn án. Nígbà tó dé orí fótò bàbá àgbà yẹn, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níwájú orí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi! Nínú gbogbo ìbànújẹ́ yẹn! Òótọ́ ló sì sọ.

Mo fi kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo gbé tèmi lọ sílé.

Kọ́sì kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Kámẹ́rà ni mo ní kó o dán wò, mi ò ní kó o dán ilé mi wò!" Ó bi mí pé ṣé kámẹ́rà ló máa fún ọmọ lọ́mú. Mo ní ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú ló ni kámẹ́rà, kó lọ bi í. Ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Kọ́sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn mọ̀lẹ́bí Àfí àti ti Kọ́sì ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì mọ ibi tó máa já sí. Àwọn kan ń sọ pé èmi ni mo da ilé onílé rú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Àfí ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló ń bá a pọn ọmọ. Èmi náà á ra tuntun lọ́jọ́ kan, ní ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí a tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan, ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Bí ọkàn yín bá ń kọminú, ẹ má fi owó pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti fẹ́ ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún yín rí? Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa lọ sílé Àfí, àbí ẹ máa dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tí mi ò ní dá lóhùn.